Fọ́tò Wa Ni Wọ́n Ń Yà, Wọn Ò Béèrè Orúkọ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti gbígbá ilẹ̀ ọjà. Ọ̀rọ̀ àwọn oníròyìn ni, àwọn tí ń kọ bébà, àwọn tí ń sọ̀rọ̀ ní rédíò, àti àwọn tí ń gbé kámẹ́rà tẹlifíṣàn kiri. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn wá. Ìpàdé mẹ́ta ni a fi sọ ọ́, tí àwọn ìyá fi ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ayé kà á.

Ẹ jẹ́ kí a ti ìdí ìsọ̀ wa bẹ̀rẹ̀. Nígbàkígbà tí oúnjẹ bá ti wọ́n, ọjà ni àwọn oníròyìn máa ń kọ́kọ́ sáré wá. Wọ́n á ya fọ́tò ìyá tí ó jókòó ti tòmátì rẹ̀, tàbí èyí tí ń fi kóńgò wọn gààrí. Tí ó bá di ọjọ́ kejì, fọ́tò náà á wà nínú bébà gbàgàdà. Kí ni wọ́n á kọ sábẹ́ rẹ̀? "Ìyá ọlọ́jà kan rèé nídìí igbá rẹ̀." Kò lórúkọ, kò ní ìlú, kò sọ nǹkan kan. Ọkùnrin ọ̀mọ̀wé kan ni wọ́n á wá lọ bá ní ọ́fíìsì, níbi tí fáànù ti ń fẹ́ sí i, pé kí ó jọ̀ọ́ ṣàlàyé ohun tí ó mú gààrí wọ́n. Orúkọ tirẹ̀ á pé pérépéré, wọ́n á fi oyè kún un, wọ́n á fi orúkọ yunifásítì rẹ̀ kún un. Ìyá tí ó ń lọ oko gààrí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ńkọ́? Ìyá tí ó mọ iye tí dírẹ́bà gbà lánàá, tí ó mọ iye tí àwọn tó dábùú igi sójú ọ̀nà gbà kí ọkọ̀ tó kọjá, tí ó mọ iye àpò tí ó ti bàjẹ́ nínú òjò? Òun ni "ìyá ọlọ́jà kan" o.

Ẹ rántí ọdún 2023. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni Ààrẹ tuntun dúró sórí pèpéle ìbúra tí ó kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo bẹntiróòlù tí a ń rà kò tó 200 náírà kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti ré kọjá 480. Nínú oṣù kẹfà, wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ kí ó máa wá iye ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹfà ọdún 2024, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń ka iye nǹkan sọ pé owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju bí ó ṣe wà lọ́dún tí ó ṣáájú. Gbogbo yín ló mọ̀ ọ́n, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni kà á fún yín. Lẹ́yìn náà, ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2024, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ oníbàárà, FCCPC, fún àwọn ọlọ́jà ní oṣù kan ṣoṣo pé kí wọ́n já owó ọjà wálẹ̀. Bébà gbé e, rédíò gbé e. Mélòó nínú wọn ló wá bi wá pé kí la fẹ́ fi já a wálẹ̀?

Rédíò kan tí a kò ní dárúkọ rẹ̀ ní àgbègbè wa níbí tilẹ̀ ṣe ètò odidi wákàtí kan nígbà náà. Atọ́kùn ètò náà ní ojúkòkòrò àwọn obìnrin ọjà ló ń pa ìlú. Ó ní àwọn obìnrin fẹ́ràn owó jù, pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ra aṣọ ẹgbẹ́. Ẹ gbọ́ ná. Àwọn tí ó ni ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn tí ó ni ilé ìkẹ́rùsí ńlá, àwọn tí ń kó ìrẹsì wọlé láti òkè òkun, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. A ò gbọ́ ọ rí kí rédíò sọ pé "ojúkòkòrò àwọn ọkùnrin" ló ń pa ìlú. Ti ọkùnrin bá fi nǹkan pamọ́ títí ó fi wọ́n, oníṣòwò tó mọ̀wé ni. Tí ìyá bá fi 50 náírà lé kóńgò kan, obìnrin ọjà ló burú. A fóònù sí ètò yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin, wọn ò gbé ìpè wa.

Ọ̀rọ̀ iye owó gààrí yìí kì í sì í ṣe tuntun, ìdí nìyẹn tí ó fi ń bí wa nínú. Nígbà ogun Hitler, ìjọba òyìnbó fẹ́ máa dá iye tí àwọn ìyá yóò máa ta oúnjẹ lé wọn lórí ní Èkó. Alimotu Pelewura, ìyá ọjà Ẹrẹ́kọ́, ni ó kó àwọn obìnrin ọjà jọ tí wọ́n fi kọ̀. Kò ka ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kàwé nínú ìjọba jókòó bá a sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé tí ó bá ní kí ọjà tì, ọjà á tì. Ọdún 1951 ni ó kú. Ẹ bi ọmọ yín tó ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní yunifásítì bóyá ó mọ orúkọ rẹ̀.

Orúkọ ló ń jẹ́ kí a tún sọ ti "ìyálé ilé". Ẹ wo bébà Yorùbá dáadáa. Tí nǹkan bá ṣe ọkùnrin, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n á fi pè é: tíṣà, mẹkáníìkì, gbajúmọ̀ oníṣòwò. Tí ó bá ṣe obìnrin, "ìyálé ilé", "abilékọ", "ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta". Ọ̀kan nínú àwọn ìyá aláṣọ wa tí àwọn adigunjalè dá lọ́nà nígbà tí ó ń ti Kọ̀tọ́nù bọ̀, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ó ti ń ta aṣọ. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ó ti dá sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ń lọ sí ogún. Owó orí rẹ̀ ní ọdún kan ju owó oṣù akọ̀ròyìn tí ó kọ ọ́. Kí ni wọ́n gbé jáde? "Àwọn olè já ìyálé ilé sí ìhòòhò." Ọkọ ìyá yìí ti kú láti bí ọdún mọ́kànlá, ta ló ń ṣe ìyálé fún? Wọn ò sì sọ iye ẹrù tí ó bá a lọ, wọn ò béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá ìdí tí ọ̀nà yẹn kò fi sàn. Ìhòòhò ni wọ́n rí kọ. Ìyá náà kò wá sí ọjà fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko nítorí ojú ń tì í, kì í ṣe nítorí owó.

Kì í sì í ṣe àwa tálákà nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún o. Ní oṣù kejì ọdún 2021, wọ́n fi Ngozi Okonjo-Iweala jẹ olórí àjọ òwò gbogbo àgbáyé, WTO, ní Geneva. Obìnrin àkọ́kọ́, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́. Ó ti ṣe mínísítà ètò ìnáwó lẹ́ẹ̀mejì, ó ti wà nípò gíga ní Báǹkì Àgbáyé. Àwọn bébà kan ní Switzerland gbé e jáde pé ìyá àgbà yìí ni yóò di ọ̀gá WTO. Ìyá àgbà! Lọ́dọ̀ tiwa, kì í ṣe èébú ká pe èèyàn ní ìyá àgbà, ọ̀pọ̀ wa ló ń bẹ Ọlọ́run kí ó jẹ́ kí a dà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin tí ó jẹ ẹ́ ṣáájú rẹ̀, ṣebí àwọn náà lè ní ọmọọmọ, ta ló kọ ọ́ pé "bàbá àgbà yìí ló di ọ̀gá"? Àwọn ikọ̀ àti ọ̀gá tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Geneva fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú, bébà náà sì tọrọ àforíjì. Ẹ rí i pé tí èèyàn bá pariwo, wọ́n á gbọ́.

Ní ilé wa níbí ńkọ́? Nígbà tí Alhaja Abibatu Mogaji, Ìyálọ́jà, kú ní oṣù kẹfà ọdún 2013 lẹ́ni ọdún 96, "Ìyá Tinubu kú" ni ọ̀pọ̀ bébà fi síwájú. Òótọ́ ni, òun ló bí i. Ṣùgbọ́n kí ọmọ náà tó wọ òṣèlú ni ìyá yìí ti ń darí ọjà. Ẹ wá wo Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ìyá yìí kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, àwọn ìyá ọjà bíi tiwa yìí, wọ́n sùn sí iwájú ààfin, wọ́n kọrin, títí Aláké fi gbé adé sílẹ̀ ní ọdún 1949. Lónìí, tí rédíò bá fẹ́ dárúkọ rẹ̀, ohun méjì ni wọ́n ń sọ: obìnrin tó kọ́kọ́ wa mọ́tò, àti ìyá Fẹlá. Mọ́tò! Bí ẹni pé nítorí mọ́tò ni àwọn sójà ṣe jù ú láti ojú fèrèsé ní ọdún 1977, tí ó fi kú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Àwọn ìyá Ìbò náà jà ní ọdún 1929, nítorí pé wọ́n gbọ́ pé wọ́n fẹ́ máa gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin. Òyìnbó yìnbọn fún wọn, ó lé ní àádọ́ta obìnrin tó kú. Àwọn tó jà á pè é ní ogun àwọn obìnrin. Òyìnbó pè é ní rògbòdìyàn Aba. Òyìnbó ti lọ láti ọdún 1960, bébà wa ṣì ń pè é ní rògbòdìyàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ó dùn wá jù, ìyẹn ibi tí ẹ̀mí ti ń bọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ọmọbìnrin aránṣọ kan, ẹni ọdún 22, wọ ọkọ̀ BRT lálẹ́ ní Èkó. Láti inú ọkọ̀ náà ni ó ti ń fi fóònù sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ara ń fu òun. Ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n rí òkú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ẹjọ́ náà gbà, oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún dírẹ́bà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n rí òkú yẹn, ìbéèrè wo ni ẹ gbọ́ lórí ètò àárọ̀? "Kí ló dé tí ó fi wọ ọkọ̀ ní àṣálẹ́?" Ọjà wa kì í tú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣé kí a máa sùn sídìí igbá ni? Ọkọ̀ ìjọba ló wọ̀, kì í ṣe kọ̀ǹbódè àjèjì. Ìbéèrè tó yẹ ni pé ta ló gba dírẹ́bà náà síṣẹ́, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2022 kan náà, Osinachi Nwachukwu, akọrin ìhìnrere, kú. Ohun tí ìròyìn kọ́kọ́ gbé kiri ni pé àrùn jẹjẹrẹ ọ̀fun ló pa á. Ẹnu kan ni wọ́n gbọ́ ọ, wọn ò wádìí, wọ́n gbé e. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló fi ẹnu ara wọn jáde sọ pé ọkọ ń lù ú. Oṣù kẹrin ọdún 2025 ni ilé ẹjọ́ gíga ní Àbújá dájọ́ ikú fún ọkọ náà. Tí àwọn ẹbí bá dákẹ́, àrùn ló pa á títí ayé.

A mọ bí ó ṣe rí, nítorí pé ọjà ni gbogbo rẹ̀ máa ń jáde sí. Ìyá á dé pẹ̀lú ojú wíwú, á ní òun forí gbá ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sórí ètò ìdílé ní rédíò, ẹ̀rín ni. Atọ́kùn á rẹ́rìn-ín, á fi orin sí i, á ní, "Ìyá, kí lẹ ṣe fún bàbá?" Àwọn olùgbọ́ á máa fóònù pé obìnrin yẹn lẹ́nu ni. Ẹni tí wọ́n lù ti di ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Tí ó bá wá kú, bébà á kọ ọ́ pé "ìfẹ́ yíwọ́" tàbí "owú jíjẹ ló fà á". Owú kì í mú àdá. Èèyàn ló mú un, èèyàn náà sì lórúkọ.

A ní ọmọ kan lọ́jà yìí, a ò ní sọ ti ta. Kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí ọkùnrin kan ládùúgbò fipá bá a lò. Ìyá rẹ̀ ṣe ohun tí ó tọ́, ó lọ sí tẹ́ṣàn. Bébà kan gbọ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó jáde, wọ́n kọ orúkọ àdúgbò, wọ́n kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ kíláàsì tí ọmọ wà, wọ́n kọ ọjà tí ìyá rẹ̀ ti ń tajà àti ohun tí ó ń tà. Ó ku kí wọ́n ya àwòrán ilé. Ọkùnrin náà wá ńkọ́? "Afurasí kan." Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ti mọ̀. Ọmọ náà ti kúrò ní ìlú yìí, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ló wà báyìí, kò tíì padà sí ilé ìwé. Afurasí ṣì ń gba ẹ̀yìn ọjà wa kọjá. Ìyá ọmọ ló ń gba ọ̀nà mìíràn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó bí wa nínú jù. Àwọn oníròyìn fúnra wọn ló kọ òfin ìwà iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní ọdún 1998. Ó wà níbẹ̀ pé akọ̀ròyìn kò gbọdọ̀ fi orúkọ tàbí fọ́tò tú àṣírí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 nínú ọ̀rọ̀ ìfipábánilò, ìbáà jẹ́ òun ni wọ́n ṣe é fún. Wọn ò kọ orúkọ ọmọ yìí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá júwe ilé, ìsọ̀ àti kíláàsì, kí ló kù tí kò dá?

Nínú òṣèlú náà, bákan náà ni. Sẹ́nétọ̀ 109 ni wọ́n wà ní Àbújá lẹ́yìn ìbò ọdún 2023, nígbà tí ilé ẹjọ́ sì parí iṣẹ́, obìnrin mẹ́rin péré ló wà nínú wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Natasha Akpoti-Uduaghan, fẹ̀sùn kan olórí ilé ní oṣù kejì ọdún 2025 pé ó fi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ lọ òun. Olórí ilé ní irọ́ ni. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta, ilé ní kí ó lọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́fà. Àwa ò sí nínú yàrá, a ò lè sọ ẹni tó jàre. Ohun tí a ń retí lọ́wọ́ oníròyìn ni pé kí wọ́n bá wa wá a: ta ló gbọ́ ẹ̀sùn náà, kí ni òfin ilé sọ, ta ló ń ṣojú àwọn èèyàn rẹ̀ ní Kogí fún oṣù mẹ́fà tí kò sí níbẹ̀? Aṣọ tí ó wọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń sọ, àti iye ọkọ tí ó ti fẹ́, bóyá ó lẹ́wà jù. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2022, nígbà tí ilé aṣòfin da àwọn àbá tí ó lè fún obìnrin láyè nínú òṣèlú nù, tí àwọn obìnrin fi lọ dúró sẹ́nu géètì wọn, bébà míì rí gèlè àwọn obìnrin ọ̀hún ju ohun tí ó wà nínú àbá lọ.

Àwọn kan ń ka ìròyìn kárí ayé ní ọdún márùn-ún márùn-ún láti ọdún 1995. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí ìròyìn dárúkọ tàbí tí ó jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀, obìnrin 17 ni wọ́n bá ní ọdún 1995. Ní ọdún 2020, 25. Ọdún 25 ni wọ́n fi rìn láti 17 dé 25. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bá ń yá báyìí láàrin wa, ẹ ò ní yá a lówó àjọ.

Àwọn oníròyìn á ní a kì í fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, pé tí àwọn bá gbé ẹ̀rọ dé, a máa ń fi ìborùn bojú. Òótọ́ ni, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Wọ́n á tún ní obìnrin wà láàrin àwọn náà. Ó wà, a máa ń rí wọn ní tẹlifíṣàn, wọ́n sì ń ka ìròyìn dáadáa. Ta ló kọ ọ́ fún wọn, ta ló ń jókòó sórí àga tí ó ń pinnu èyí tí yóò ṣáájú? A sì mọ̀ pé wọ́n lè ṣe iṣẹ́ gidi tí wọ́n bá fẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, Kiki Mordi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní BBC fi kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ mú àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Èkó àti ní Ghana tí ń fi máàkì lọ àwọn ọmọbìnrin. Wọn ò béèrè irú síkẹ́ẹ̀tì tí ọmọ wọ̀. Ohun tí ọkùnrin náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ni wọ́n fi hàn, gbogbo ìlú sì gbọ́. A mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni, ó gba àkókò, ó gba owó. Ṣùgbọ́n bíbéèrè orúkọ ìyá tí o fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, èló ni ìyẹn ń jẹ?

Nítorí náà, ohun tí ìpàdé fẹnu kò sí nìyí. Láti ìsinsìnyí lọ, oníròyìn tí ó bá wọ ọjà yìí, kí ẹ kọ́kọ́ béèrè orúkọ tirẹ̀ àti iléeṣẹ́ tí ó ti wá, kí ẹ sì mú un wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. A ti yan ìyá méjì tí yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀, ọ̀kan láti ọ̀nà oúnjẹ, ọ̀kan láti ọ̀nà aṣọ. Tí wọ́n bá ya yín ní fọ́tò, ẹ sọ fún wọn pé orúkọ yín ni kí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, àti ohun tí ẹ ń tà, àti iye ọdún tí ẹ ti ń tà á. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi ìborùn yín bojú, kò sẹ́ni tó lè bá yín wí. Ní ti ọ̀rọ̀ ọmọdé, kí ẹnikẹ́ni má sọ ohunkóhun fún oníròyìn lẹ́nu géètì tẹ́ṣàn, ìbáà jẹ́ pé àánú ọmọ náà ń ṣe yín.

A ń kọ lẹ́tà sí rédíò tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè àti sí bébà tí ó kọ ọ̀rọ̀ ọmọ wa, ẹ̀dà kan yóò sì lọ sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn ní ìpínlẹ̀. Ẹni tí ó bá ní bébà tí fọ́tò rẹ̀ wà nínú rẹ̀ láìsí orúkọ, kí ó mú un wá fún akọ̀wé kí ọjọ́ ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé. A ti gba méje, a máa so gbogbo rẹ̀ mọ́ lẹ́tà náà, a ó sì kọ orúkọ olúkúlùkù sábẹ́ fọ́tò rẹ̀ fún wọn.